Kírẹ́dì Mẹ́ta Teremoana

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí ni àwọn dókítà máa la àyà mi. Kí ọ̀bẹ wọn tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ohun tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún méjìlá. Èmi Murray Tuckwell ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ìlú Tokoroa ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Olùkọ́ tó dáńtọ́ ni mí, mi ò ní ṣe ojú ayé. Ṣùgbọ́n mo purọ́ mọ́ ọmọ kan, irọ́ náà sì bà á lọ́nà jẹ́.

Teremoana lorúkọ rẹ̀, ọmọ Erékùṣù Cook. Bàbá rẹ̀ ń la pákó ní ilé iṣẹ́ igi. Ọmọ tó bá kó àádọ́ta kírẹ́dì ní ipele Ìtayọ, tó ga jù lọ, lọ́dún tó máa jáde, wọ́n á fi òǹtẹ̀ Ìtayọ lu ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Òǹtẹ̀ yẹn ni yunifásítì ń wò kí wọ́n tó fún Teremoana ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́.

Kírẹ́dì mẹ́ta wà nínú ọ̀rọ̀ sísọ níwájú kíláàsì, èmi ni mo sì ń fún wọn ní máàkì. Ọmọ náà sọ̀rọ̀ nípa ìka méjì tí ẹ̀rọ gé lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ìtayọ gan-an ni. Ìgbà tó jókòó tán ni mo rí i pé mi ò tan kámẹ́rà. Láìsí fídíò, kò sí ẹ̀rí tí mo lè fi han àwọn ayẹ̀wéwò, tí wọ́n máa ń béèrè ẹ̀rí fún gbogbo Ìtayọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ló máa gbà á láti tún un sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni mo ti fi olùkọ́ kékeré kan ṣe yẹ̀yẹ́ nípàdé lórí àṣìṣe yìí kan náà, tí gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Agbéraga ni mí. Mo kọ “Dáadáa” fún un dípò Ìtayọ, mo ní kírẹ́dì rẹ̀ á ṣáà pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Nígbà tí èsì dé lóṣù kìn-ín-ní, ó wá bá mi pẹ̀lú abọ́ ewé kókò tí ìyá rẹ̀ fi omi àgbọn sè.

“Tíṣà, méjìdínláàádọ́ta ni gbogbo ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé a lè jọ wo fídíò mi? Bóyá nǹkan kan wà tẹ́ ẹ ò rí.”

Níbí ni mo ti hùwà ìkà jù. Mo lè sọ òótọ́ lọ́jọ́ náà, kí ilé ìwé sì tún un ṣe. Mo ní, “Mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ mi. O ò wo ojú àwọn tó ń gbọ́ ẹ.”

Ó dúpẹ́, ó fi abọ́ náà sílẹ̀. Mo sì jẹ ẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ bá a nílé iṣẹ́ igi, níbi tóun náà ti ń la pákó báyìí. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó yọ ohun tó fi dí etí.

“Mo mọ̀, tíṣà. Iná kámẹ́rà yẹn ni mò ń wò lọ́jọ́ náà. Kò tàn.”

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ.

“Nílé tiwa, ọmọdé kì í sọ fún àgbà pé irọ́ ló ń pa. Mo dúró dè yín títí oṣù kejì fi parí. Lẹ́yìn náà, mo wáṣẹ́.”

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sí ilé ìwé, mo sì fọwọ́ sí i. Teremoana, mo bẹ̀ ọ́, bí o ò bá tilẹ̀ dárí jì mí. Ẹ̀yin olùkọ́ kéékèèké, bí iná kò bá tàn, ẹ sọ ọ́ kí ọmọ náà tó jókòó.