Odindi Ẹ̀rín

Níbi tí mo jókòó sí tí mò ń dúró de dókítà eyín ní Ìyànà-Ìbà ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n ti bárékè Ọ̀jọ́ wá.

"Dókítà ní àgbọ̀n rẹ kéré, eyín rẹ sì tóbi," ni ìyá wí. "Ìdí tí wọ́n fi gun ara wọn nìyẹn. Wọ́n á yọ méjì kí àyè lè wà, wọ́n á wá fi wáyà to ìyókù."

"Mi ò ṣe, Mọ́mì. Eyín Dádì ni. Kò tún sí nǹkan wọn mìíràn lára mi."

Ìyá náà yíjú sí i. "Báwo ni dádì rẹ ṣe máa ń rẹ́rìn-ín?"

"Wọ́n máa ń fọwọ́ bo ẹnu."

"Ọdún méjìdínlógún ni mo fi bá wọn gbé. Mi ò rí odindi ẹ̀rín wọn títí wọ́n fi kú."

Odindi ẹ̀rín. Mo gbàgbé eyín tó ń dùn mí.

Nọ́ọ̀sì pè wọ́n.

"Ṣé á dùn mí?" ni ọmọ náà bi í.

"Á dùn ọ́."

Ọmọ náà dìde, ó ṣáájú ìyá rẹ̀ wọlé.