Hítà Ìyá Ọkọ Mi Kò Bàjẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi kí ẹ tó kà á tán. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi. Mi ò lè sọ ọ́ fún pásítọ̀ wa, mi ò lè sọ ọ́ fún ìyá tó bí mi. Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí ni pé àbúrò ọkọ mi wá kúnlẹ̀ níwájú mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ń bẹ̀ mí lórí ẹ̀ṣẹ̀ tí èmi gan-an ṣẹ̀.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni òun. Nígbà tí ara ìyá rẹ̀ ò gbé kánkán mọ́, ó lọ mú wọn wá sọ́dọ̀ wa. Mi ò ní pa irọ́ mọ́ wọn, Ìyá ò ṣẹ̀ mí rí. "Ìyàwó mi àtàtà" ni wọ́n máa ń pè mí.

Òtútù ni wọn ò lè fara dà. Tí ọyẹ́ bá ti dé, ọwọ́ wọn á máa gbọ̀n, wọn ò ní lè di ṣíbí mú. Ọkọ mi wá ra hítà oníná kékeré kan sí yàrá wọn. Ó ní òun ti rò ó dáadáa, pé yàrá kan ṣoṣo ló máa gbóná, pé a ó máa pa á tí yàrá bá ti móoru, pé kò ní náni lówó tó kí èèyàn máa ra èédú.

Mi ò gbà. Èmi ni mò ń ra iná sí mítà ilé wa, nítorí pé mò ń ta sóbò àti omi tútù lọ́jà Takie, firísà mi sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́. Mo ń rí i pé iná ń tètè tán. Gbogbo ìgbà tí mo bá rí hítà yẹn tó pọ́n yòò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Ìyá, ó máa ń dà bíi pé èrè ọjà mi ló ń jẹ. Mo sọ fún ọkọ mi. Ó ní, "Ìyá mi lò ń bá du iná?" Ojú tì mí, inú sì bí mi.

Lọ́jọ́ kan tí Ìyá ń wẹ̀ lọ́wọ́, mo tú ẹnu wáyà hítà náà, mo yọ fíúsì inú rẹ̀, mo sọ ọ́ sínú ṣáláńgá. Mo dé e padà. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tí kò tàn, mo ní, "Áà, Ìyá, ó ti bàjẹ́ o. Ayédèrú ni wọ́n tà fún wa."

Wọ́n ní, "Kò burú, ìyàwó mi. Ṣáà bá mi wá nǹkan ṣe sí i."

Ìbàdàn ni iṣẹ́ gbé ọkọ mi lọ nígbà yẹn. Ó ní tí òun bá dé, òun á gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ iná.

Mo wá ń gbé ìkòkò eléèédú sí yàrá wọn láàárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí èédú máa jó nínú yàrá tí a tì pa. Mo máa ń ṣí fèrèsé sílẹ̀, mo sì máa ń gbé ìkòkò náà jáde kí n tó lọ sọ́jà.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, àwọn oníbàárà ti ń pè mí lórí fóònù. Mi ò gbé ìkòkò náà jáde. Sìdíkátù, àbúrò ọkọ mi, ti wá kí Ìyá láti Ọ̀yọ́, ó ń fọ aṣọ wọn lẹ́yìnkùlé. Mo kọjá lára rẹ̀. Mo kàn ní, "Sìdí, ó dàbọ̀ o." Mi ò sọ̀rọ̀ iná kankan fún un.

Ìyá pè é lẹ́yìn tí mo lọ, pé kó bá àwọn ti fèrèsé, ọyẹ́ ti pọ̀ jù. Ó tì í, ó fa ilẹ̀kùn dé, ó padà sídìí aṣọ. Ó rò pé wọ́n sùn ni. Nígbà tí mo dé lọ́sàn-án tí mo ṣílẹ̀kùn, ooru yàrá náà gbá mi lójú. Mo pe Ìyá. Wọn ò dáhùn.

A sin wọ́n ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀; ọkọ mi ti Ìbàdàn wá bá wa níbẹ̀. Lójú gbogbo ẹbí ni ọkọ mi ti béèrè pé, "Ta ló gbé iná sí yàrá tó tún tì í pa?" Èmi ni wọ́n ń wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rù bà mí. Mo ní, "Mo sọ fún Sìdí pé kó gbé e jáde. Mo tún ní kó má ti fèrèsé."

Sìdí wò mí. Ó wá bú sẹ́kún, ó ní, "Bóyá wọ́n sọ ọ́ tí mi ò gbọ́. Bóyá mi ò gbọ́ ni." Ó gba irọ́ mi gbọ́. Ọkọ mi ní kó má wọ ilé òun mọ́ láé.

Iná mítà tí mò ń rà ò sì dín. Ìyá ti lọ, hítà ti dákẹ́, àmọ́ bó ṣe ń tán tẹ́lẹ̀ náà ló ń tán. Firísà mi ló ń jẹ ẹ́. Rọ́bà ilẹ̀kùn rẹ̀ ti ya, kì í dé dáadáa. Ohun tí mo torí rẹ̀ ṣe gbogbo èyí, kò sí níbẹ̀ rárá.

Sìdí ti lọ́kọ ní Ọ̀yọ́ báyìí, ó ti bímọ. Mo gbọ́ pé kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti fèrèsé nílé rẹ̀, kódà tí òjò bá ń fẹ́ wọlé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló gbé ọmọ náà wá nígbà tí ọkọ mi ti lọ síbi iṣẹ́. Ó kúnlẹ̀. "Ìyá Tọ́mi, ẹ bá mi bẹ bọ̀dá mi. Ẹ ní mo gbà pé mo jẹ̀bi. Kí wọ́n kàn wo ojú ọmọ mi."

Mo ní kó dìde, kò dìde. Mo fọwọ́ kan orí rẹ̀, mo ní mo ti dárí jì í. Èmi! Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà.

Mi ò lè gbàdúrà mọ́. Tí mo bá sọ òtítọ́, ilé mi á tú, àwọn ọmọ mi á sì gbọ́ ohun tí ìyá wọn ṣe sí ìyá bàbá wọn. Tí mo bá dákẹ́, Sìdí á máa rò títí láé pé òun ló pa ìyá òun. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, mi ò ní kí ẹ káàánú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn sọ fún mi: ta ni kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún, ọkọ mi ni, àbí Sìdí?