Wáyà Tí Mo Fà Kí Ọkọ Mi Lè Máa Wálé

Mò ń jowú. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹ má baà máa wá a kiri nínú ọ̀rọ̀ mi. Kì í ṣe obìnrin nìkan ni mò ń jowú o, mò ń jowú ọmọ kékeré tí n kò tíì fojú rí. Bí mo ti jókòó yìí, ẹ̀rín ọmọ mi ni mò ń gbọ́ láti yàrá kejì, ẹ̀rín náà sì ń ta mí lára. Ẹ má sì bínú pé mò ń pe ọkọ mi ní "ó". Láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa ni mo ti ń pè é ní "wọ́n", agbára ìyẹn ti tán lára mi.

Onídìrí ni mí ní Àgọ́-Ìwòyè, nítòsí ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń gbé. Olùkọ́ ni ọkọ mi ní Ibiade tó jìnnà sí wa, ibẹ̀ ló sì ń gbé láàárín ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń wálé tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ó ń fo ọ̀sẹ̀ kan, ó ń fo méjì. Ọ̀nà ò dáa, ìdánwò ti dé, àwáwí ò tán lẹ́nu rẹ̀. Mo wá rò ó pé kí ni ọkùnrin yìí fẹ́ràn jù? Bọ́ọ̀lù orí géèmù! Bó bá ti di páàdì mú, oúnjẹ á tutù síwájú rẹ̀. Mo ní ó dáa, màá sọ yàrá wa tó ṣófo di yàrá géèmù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á máa wá ṣeré láàárín ọ̀sẹ̀, òun náà á sì máa sáré wálé.

Mo pe oníṣẹ́ kan. Ó ní bí a bá fi gbogbo rẹ̀ sórí afẹ́fẹ́ láìlo wáyà, bọ́ọ̀lù á máa fà lójú tẹlifíṣọ̀n bí ènìyàn mẹ́rin bá jọ ń gbá a, pé wáyà ni ká fà láti ara ráútà, àpótí kékeré tó ń so àwọn géèmù pọ̀, lọ sídìí géèmù kọ̀ọ̀kan. Wáyà tínínrín aláwọ̀ oríṣiríṣi ló wà nínú wáyà kan, ẹ ó sì tò wọ́n tẹ̀ léra kí ẹ tó ki wọ́n bọ orí ike tó ń wọ inú ẹ̀rọ. Ṣé ìyẹn ló máa ṣòro fún ọwọ́ tó ń ya irun? Èmi ni mo to èyí tó pọ̀ jù. Nígbà tí ọkọ mi rí yàrá náà, ó gbé mi sókè bí ìyàwó tuntun. Ó ní, "Ìyá Morẹ́nikẹ́, jẹ́ kí oníṣẹ́ yẹn so ó mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì, kí n lè máa bá yín gbá a láti Ibiade." Mo rò pé ìfẹ́ ni! Àfi bó ṣe jókòó sọ́hùn-ún pátápátá. Bí mo bá ní kó wálé, á ní ṣebí a jọ ń ṣeré.

Ọ̀sán Sátidé kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ fún ìsinmi, Morẹ́nikẹ́ ọmọ mi nìkan ló wà nídìí géèmù. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pariwo, "Gbé e fún mi! Gbé e fún mi!" Mo rò pé bàbá rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbá a. Mo yọ ohun tó fi bo etí, mo fi sí tèmi kí n lè kí ọkọ mi. Ohùn ọmọdékùnrin ni mo gbọ́: "Sísítà mi, Dádì ní kí n wá jẹun o, Mọ́mì ti gbé ẹ̀bà sílẹ̀." Ta ni Dádì? Ta ni Mọ́mì? Mo yíjú sí Morẹ́nikẹ́. Ó wolẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, àbúrò mi ni. Dádì ní kí n má tíì sọ."

Mo bi ọmọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ létí mi pé, "Ta nìyẹn?" Kò bẹ̀rù rárá. "Há, Mọ́mì Àgọ́! Ẹ káàsán mà. Ìgbà wo lẹ máa jẹ́ kí n wá?"

Mọ́mì Àgọ́! Wọ́n ti fún mi lórúkọ nínú ilé tí n kò mọ̀ pé ó wà. Obìnrin náà mọ̀ mí, ọmọ rẹ̀ mọ̀ mí, wọ́n ń dárúkọ mi nídìí oúnjẹ, èmi nìkan ni n kò mọ ẹnikẹ́ni. Ọkọ mi ti bẹ̀bẹ̀, ó ti rán àwọn àgbà ìjọ sí mi. Irọ́ tó pa fún mi kọ́ ló ń dùn mí jù. Ó pẹ́ tí Morẹ́nikẹ́ ti ń tọrọ àbúrò lọ́wọ́ mi, Ọlọ́run ò sì fún mi ní òmíràn. Obìnrin yẹn ló wá bí i fún un, wáyà tí mo fi ọwọ́ ara mi tò ni ọmọ náà sì gbà wọ ilé mi.

Lánàá, mo wọ yàrá géèmù láti fa wáyà náà yọ. Morẹ́nikẹ́ di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ó ń dúró dè mí." Mo fi wáyà sílẹ̀, mo jáde, mo sunkún. Ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọ yẹn ṣì ń bèèrè ìgbà tí òun máa wá, n kò sì tíì dá a lóhùn.