Ṣọ́ọ̀kì Tí A Ń Ṣẹ́ Sí Méjì

Lásìkò ọ̀wọ́n epo, láyé àwọn ológun, olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì àti ọmọ iléèwé rẹ̀ àtijọ́, tí òun náà ti di tíṣà, jókòó níwájú mi nínú ọkọ̀ Iléṣà ní Old Garage.

"Sà, ẹ rántí ṣọ́ọ̀kì tí ẹ ní ká máa ṣẹ́ sí méjì, títí ọwọ́ wa fi funfun báláú? Ẹ ní bíńtín tí kò ṣeé pín mọ́ ni átọ́ọ̀mù."

"Ìwọ lo fi eyín gé tìẹ!"

"Àṣé átọ́ọ̀mù náà ṣeé pín, sà. Nǹkan ṣì wà nínú rẹ̀."

"Bí wọ́n ṣe kọ́ mi ni mo ṣe kọ́ yín."

"Ṣọ́ọ̀kì yẹn náà ni mo ṣì fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, sà."

"Máa jẹ́ kí wọ́n ṣẹ́ ẹ. Ẹni tó máa pín èyí tí ìwọ náà sọ fún wọn pé kò ṣeé pín wà lára wọn."