Ẹ̀rọ Tó Pe Bàbá Onísítọ́ọ̀ Lólè

Rárá, mà, mi ò ní jókòó. Ẹ fi àga yẹn sílẹ̀. Ẹlẹ́jọ́ tó bá ti mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, àmọ́ tèmi máa pẹ́, ibí ni mo máa wà títí Bàbá, ọkọ yín, máa fi jáde nínú yàrá yẹn. Ẹ bá mi kan ilẹ̀kùn sí wọn. Ẹ ní Mádàámù Ẹ̀rọ ti ibi iṣẹ́ ló dé, ẹ ní ó wà nílẹ̀, ẹ ní ojú rẹ̀ ti wú. Mo mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́ mi, torí ẹ̀ ni mo ṣe ń pariwo, ẹ má bínú, mi ò fẹ́ yọ àdúgbò yín lẹ́nu, àmọ́ aago mẹ́wàá ti kọjá, aago méjìlá ni wọ́n dá fún mi!

Ta ló pe Bàbá lólè? Èmi kọ́, mà, ẹ̀rọ ni. Haà, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Ó dáa, èmi ni. Àmọ́ kì í ṣe èmi nìkan, Ọlọ́run ń gbọ́, kì í ṣe èmi nìkan!

Ẹ jẹ́ kí n rò fún yín. Ilé-iṣẹ́ ńlá, ọkọ̀ akẹ́rù méjìlélọ́gọ́ta, tó ń kó oògùn lọ sí ọsibítù káàkiri, wọ́n ní ìlànà àtijọ́ làwọn ṣì ń lò, ojú ń ti àwọn láàárín ẹgbẹ́. Wọ́n wá gbé mi láti ilé-iṣẹ́ mìíràn, wọ́n fi mí ṣe ọ̀gá ẹ̀rọ, wọ́n ní kí n sọ gbogbo nǹkan di ìgbàlódé láàárín ọdún méjì. Gbogbo nǹkan! Ta ló sì sọ bẹ́ẹ̀? Ọ̀gá Àgbà tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà! Mo búra, mà, akọ̀wé rẹ̀ ló máa ń tẹ lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà jáde sórí bébà fún un, á fi bírò kọ èsì sẹ́yìn bébà náà, akọ̀wé á tún lọ tẹ̀ ẹ́ padà. Òun náà ló dìde nípàdé, tó ní ẹni tí kò bá lè bá ìgbà yí, kó gba ilé rẹ̀ lọ. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Ṣé wọ́n ti dáhùn? Ẹ tún kàn án, mà, ẹ jọ̀ọ́.

Ohun tí mo ṣe ò burú o! Kí ọkọ̀ tó jáde, ẹni tó bá fojú ara rẹ̀ rí ẹrù ni kó tẹ fóònù gbàgàdà tí a pín fún wọn, kó fi pásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀ jẹ́rìí pé òun ti rí i. Ọmọ iṣẹ́ tó kéré jù ló sún mọ́ páálí jù, mo ní kí òun kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, kí ọ̀gá rẹ̀ tẹ̀ lé e, kí Bàbá wá tẹ̀ ẹ́ gbẹ̀yìn. Àbí kò mọ́gbọ́n dání? Mo yà á sára ògiri, mo fi ọfà sí i, mo ní ṣó yé yín? Wọ́n ní ó yé wa, mà. Ẹ ẹ̀ rí i, "ó yé wa, mà" yẹn ló pa mí! Ogóje òṣìṣẹ́ ló fi ẹnu kan sọ ọ́, kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó lè ní, Mádàámù, ẹ dákun, ní sítọ́ọ̀ tiwa níbí, ta ló máa fọwọ́ síwèé kí Bàbá tó fọwọ́ sí i? Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Bàbá ti wà níbẹ̀, àwọn ni wọ́n kọ́ ìdajì wọn níṣẹ́, ta ló máa wá tẹ nǹkan ṣíwájú wọn?

Kí ni wọ́n wá ṣe? Ẹ gbọ́ o! Wọ́n kó pásíwọ́ọ̀dù wọn jọ, ogóje, pátápátá, wọ́n kọ ọ́ sára páálí kan, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Bàbá. Bàbá, ẹ bá wa tẹ gbogbo ẹ̀. Bàbá wọ jígí wọn, wọ́n tẹ tiwọn ṣáájú, torí àgbà ló ń ṣáájú, ẹ̀rọ ò kúkú yẹ ìyẹn wò, wọ́n wá ń tẹ tàwọn ọmọ tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò fo ẹnì kan, wọn ò sì tẹ ohun tí ojú wọn ò rí. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò láti àná, mà, páálí kan ṣoṣo ò sọnù! Odindi oṣù mẹ́rin! Èmi wá ń gbé àkọsílẹ̀ lọ síwájú àwọn olùdarí, mò ń ní ẹ wò ó bí gbogbo òṣìṣẹ́ ṣe gba ẹ̀rọ yìí tọwọ́ tẹsẹ̀, wọ́n fi fọ́tò mi sára ògiri àbáwọlé, mo ń rẹ́rìn-ín bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé Ọ̀la Ti Dé. Ṣé ẹ mọ gbogbo òṣìṣẹ́ tó gba ẹ̀rọ? Ìka kan ṣoṣo ni, mà. Ìka ọkọ yín!

Kò sì tíì tán. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo tún ní kí wọ́n fi ohun tó ń ṣọ́ olè sínú ẹ̀rọ náà. Ó bá rí i láàárọ̀ àná pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń jẹ́ orúkọ ogóje èèyàn. Kí ló tún fẹ́ rò? Ó ti gbogbo wọn mọ́ta, ọkọ̀ kankan ò lè jáde mọ́, ó wá gbé fọ́tò Bàbá sójú tẹlifíṣọ̀n ńlá tó wà lára ògiri sítọ́ọ̀, ó fi àwọ̀ pupa kọ OLÈ sí i, lójú gbogbo ọmọ tí wọ́n tọ́. Èmi ni mo yan ọ̀rọ̀ yẹn. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ bi mí pé kí ni kó máa kọ, mo ní kó kọ ọ́ gbàǹgbà kó lè dẹ́rù bà wọ́n. Ọlọ́run, kí ló dé tí ẹnu mi ò di lọ́jọ́ yẹn?

Àwọn tó wà níbẹ̀ ní Bàbá yọ jígí, wọ́n nù ún, wọ́n tún wọ̀ ọ́, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n ká aṣọ iṣẹ́ wọn, wọ́n gbé e sórí tábìlì, wọ́n jáde. Wọn ò bú mi. Ìyẹn dùn mí ju èébú lọ, mà, ká ní wọ́n bú mi ni, ǹ bá rí oorun sùn.

Ọ̀gá Àgbà wá pè mí nírọ̀lẹ́ àná. Ó ní kí n kọ lẹ́tà ìdádúró Bàbá kó tó di ọ̀sán òní, kí n fọwọ́ ara mi sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí n kọ tèmi. Ó ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ jẹ̀bi, pé ẹ̀rọ tí àwọn olùdarí fọwọ́ sí ò lè jẹ̀bi. Ẹ tún gbọ́rọ̀! Ìbẹ̀rù mú mi, mo purọ́, mo ní ẹ̀rọ á ti dìde kó tó di aago mẹ́jọ òwúrọ̀. Dìde báwo? Àwọn tó ṣe é ní ó di ọjọ́ mẹ́ta! Oògùn kún inú yàrá tútù, ọsibítù ń pè lemọ́lemọ́, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí páálí kọ̀ọ̀kan ń lọ, àfi Bàbá. Mi ò tíì lè débẹ̀ láàárọ̀ yìí, ọ̀dọ̀ yín ni mo gbà wá tààrà. Ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́rùn mi, bàbá wọn ò sì níṣẹ́ lọ́wọ́, kí ni mo fẹ́ ṣe?

Ọdún méjì, mà! Ẹ bi mí pé ẹ̀ẹ̀melòó ni mo wọ sítọ́ọ̀ yẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kan láti gé ríbọ́ọ̀nù, ẹ̀ẹ̀kan láti ya fọ́tò. Mi ò bi Bàbá ní ìbéèrè kan rí. Mo ń yí ilé onílé padà láti yàrá òkè níbi tí afẹ́fẹ́ tútù ti ń fẹ́ mi! Ẹ ní kí wọ́n kàn jáde, kí wọ́n gbá mi létí pàápàá, kí wọ́n ṣáà bá mi lọ.

Kí lẹ wí?

Wọn ò sí nínú yàrá? Mà! Láti ìdájí? Ẹ wá jẹ́ kí n máa bá ilẹ̀kùn sọ̀rọ̀ láti bí ìdajì wákàtí! Ẹ ní ẹ fẹ́ gbọ́ ohun tó wà nínú mi ná? Ó dáa, ẹ ti gbọ́ ọ. Ẹ ní wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ lọ sí sítọ́ọ̀, wọ́n mú ìwé àti bírò, wọ́n ní aláìsàn ò mọ̀ pé àwọn jà. Haà, Bàbá. Haà.

Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n ka eléyìí, Ọ̀gá Àgbà ló kọ̀wé sí fóònù mi. "Mo rí i láti fèrèsé, gbogbo ọkọ̀ ti jáde. Ẹ̀rọ ti dìde gẹ́gẹ́ bí o ṣe wí. Àwọn olùdarí ní o kú iṣẹ́. Rí i pé lẹ́tà bàbá yẹn jáde ní méjìlá."

Hà! Hà hà hà! Ẹ̀rọ wo? Ẹ̀rọ wo ló dìde? Ó ṣì nà gbalaja síbẹ̀! Ẹ jẹ́ n rẹ́rìn-ín, mà, kì í ṣe pé mo ti ya wèrè, ẹ jẹ́ n rẹ́rìn-ín. Bàbá bá mi gbé ẹrù jáde, Ọ̀gá Àgbà wá ní kí n fi lẹ́tà ìdádúró dúpẹ́!

Fóònù ń dún. Ọ̀gá Àgbà ni. Ẹ gbà, mà, ẹ bá mi gbé e. Ẹ sọ fún un pé ọkọ yín ló kó ẹrù jáde, ẹ ní ìwé àti bírò ni wọ́n fi kó o, ẹ ní ẹ̀rọ ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Èmi kọ́, mà, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ ọ́! Ẹ jọ̀ọ́, kó tó gé! Mo mọ ara mi, mà. Tó bá jẹ́ èmi ni mo gbé e, "ẹ ṣé, sà" ló máa jáde lẹ́nu mi.