Òjé Inú Egungun Màmá

MÀMÁ: Hẹ́lò? Ta ni yẹn?

BÍỌ́LÁ: Èmi ni, Màmá. Bíọ́lá. Ẹ kúrọ̀lẹ́ mà.

MÀMÁ: Ọmọ mi, kúrọ̀lẹ́. Ṣé o ti dé ilé? Ọmọ ńkọ́? Ọkọ rẹ—

BÍỌ́LÁ: Gbogbo wọn wà, mà. Ọwọ́ yín tó ń gbọ̀n ńkọ́?

MÀMÁ: Ó wà níbẹ̀. Ìkòkò ọbẹ̀ yọ bọ́ lọ́wọ́ mi lánàá. Mo ti nu ilẹ̀.

BÍỌ́LÁ: Mo dé ọ̀dọ̀ dókítà lónìí—

MÀMÁ: O ní kí ni? Ohùn rẹ ń já.

BÍỌ́LÁ: Ṣé ẹ gbọ́ mi? Mo ní mo lọ gba èsì ẹ̀jẹ̀ yín. Network ò dáa. Ẹ bọ́ síta díẹ̀.

MÀMÁ: [ilẹ̀kùn dún] Mo ti bọ́ síta. Ìtọ̀ ṣúgà ni, àbí?

BÍỌ́LÁ: Rárá, mà. Òjé ni wọ́n bá nínú ẹ̀jẹ̀ yín. Ó pọ̀.

MÀMÁ: Òjé? Èyí tí ọdẹ fi ń rọ ọta?

BÍỌ́LÁ: Òun náà. Dókítà bi mí pé iṣẹ́ wo lẹ ti ṣe rí. Mo ní oko kòkó nìkan. Ó ní kí n bi yín dáadáa.

MÀMÁ: A fọ́ òkúta rí, lápá Ìjerò.

BÍỌ́LÁ: Ẹ ò sọ ọ́ fún mi rí.

MÀMÁ: A ò tíì bí ọ. Kòkó ò so lọ́dún yẹn. Àwa obìnrin la máa ń gún òkúta nínú odó, a ó wá lọ fọ̀ ọ́ lódò láti ṣa wúrà inú rẹ̀. Ọdún méjì péré ni. Ṣùgbọ́n ó ti ń lọ sí ọgbọ̀n ọdún, Bíọ́lá. Báwo ló ṣe wá jẹ́ pé ìsinsìnyí ló ń jà?

BÍỌ́LÁ: Òjé wà nínú òkúta yẹn, ẹ fà á símú. Inú egungun ló lọ lúgọ sí. Dókítà ní họ́mọ́ọ̀nù kan wà lára obìnrin tó ń dáàbò bo egungun. Bó bá ṣì wà, òjé yẹn ò ní ráyè jáde. Tí nǹkan oṣù bá ti wá dúró, họ́mọ́ọ̀nù náà á dín kù, egungun á máa jẹrà díẹ̀díẹ̀, òjé á máa bọ́ sínú— Màmá, ṣé ẹ gbọ́ mi?

MÀMÁ: Mò ń gbọ́. Ọdún tí tèmi dúró, mo lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní mo ti sinmi.

BÍỌ́LÁ: Oògùn wà tó ń fà á jáde, mà. Lọ́jọ́ Ajé la máa bẹ̀rẹ̀. Mo ti bá wọn—

MÀMÁ: Tó bá wọ ọmọdé lára ńkọ́?

BÍỌ́LÁ: Mà?

MÀMÁ: Òjé. Kí ló máa ń ṣe ọmọdé?

BÍỌ́LÁ: Màmá, please. Ẹ jẹ́ ká sọ tiyín.

MÀMÁ: Mo bi ọ́ ni.

BÍỌ́LÁ: Inú rírun. Èébì. Nígbà mìíràn, gìrì.

MÀMÁ: Olúrántí.

BÍỌ́LÁ: A ò lè fi ìdánilójú sọ pé òun ló pa ẹ̀gbọ́n mi—

MÀMÁ: Inú ìyẹ̀fun òkúta yẹn ló máa ń jókòó sí. Á bù ú sẹ́nu, màá gbọ̀n ọ́n kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, màá rẹ́rìn-ín. Àárọ̀ ọjọ́ ìsinmi ni gìrì mú un, kó tó di ọ̀sán, ó ti lọ. Ìyá bàbá rẹ ní mo jẹ́ kí òtútù mú un. Mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi kú. Èmi náà gbà pé òtútù ni.

BÍỌ́LÁ: Kò sẹ́ni tó sọ fún yín, mà. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Màmá?

MÀMÁ: Ara mi bá mi fi tèmi pamọ́ láti ọjọ́ yìí. Olúrántí ò ní nǹkan kan tó máa bá a fi pamọ́.

BÍỌ́LÁ: [ó ń sunkún] Mò ń bọ̀ lọ́la. Ẹ pe Ìyá Ayọ̀bọ́lá tó múlé tì yín kí wọ́n wá jókòó tì yín.

MÀMÁ: Bàbá rẹ ló ń ti oko bọ̀ yìí. Mò ń wò ó lọ́ọ̀ọ́kán.

BÍỌ́LÁ: Ẹ má tíì sọ fún wọn, mà. Ẹ jẹ́ kí n dé—

MÀMÁ: Òun ló ní ká lọ fọ́ òkúta. Òun ló gbẹ́ ilẹ̀ tá a sin ín sí. Bíọ́lá, ó ti rí mi, ó ń juwọ́ sí mi. Kí ni kí n—

[Ìpè já.]