Orin Wàgàṣì tí Mo Yọ Orúkọ Kúrò Nínú Rẹ̀

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, tí ẹsẹ̀ mi ṣì ń bá reluwé sáré, orin kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tó ni ín…

Ràfíátù, pa nǹkan yẹn ná. Pa á, mo ní! Láti àárọ̀ ni fóònù pọ́tábù rẹ ti ń ké orin òwú tí mo kọ fún ẹ. O ti ki ìlù bọ̀ ọ́ nídìí, o gé ohùn mi wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni gé ilá. Mo jókòó, mo dìde. Mo jókòó, mo tún dìde. Pe àwọn àbúrò rẹ wá, ẹ wá gbọ́.

Wàgàṣì ni mo ń tà. Wàrà líle tí àwọn obìnrin Fúlàní ń sè, tí wọ́n ń fi ewé ọkà bàbà sọ di pupa. A ó gbé e sórí àwo, a ó lọ dúró de reluwé níbí, ní Tchaourou. Reluwé kì í pẹ́. Kí ó tó fọn fèrè, o gbọ́dọ̀ ti tà. Báwo lo ṣe máa tà láàrin gbogbo obìnrin tó ń pariwo? Orin ni. Kálukú ní tirẹ̀.

Èyí tó dùn jù ni ti Sàlámátù, ọ̀rẹ́ mi, ọmọ abúlé Sanson. Ọmọ mẹ́ta ló ní. Ọkọ rẹ̀ lọ sí Nàìjíríà, kò padà. Ẹnu rẹ̀ ló fi ń bọ́ wọn. Á ní:

*Sàlámátù ló ní kí n pè yín,*
*Ẹ yọjú lójú fèrèsé,*
*Wàgàṣì pupa rèé, ó gbóná, ó rọ̀,*
*Ẹni tó bá jẹ ẹ́ kò ní sùn lébi.*

Bí orin ẹlòmíràn bá wù ọ́ láyé ìgbà yẹn, o lè yá a. Àwa náà ń gé, a ń lẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n wàá bu iyọ̀ sínú igbá, wàá lọ sílé ẹni tó ni ín, wàá kọ ọ́ lójú rẹ̀ bí o ṣe tún un ṣe. Bó bá dùn mọ́ ọn, á lá iyọ̀ náà. Ó tán. Yí gbogbo ẹ̀ bó ṣe wù ọ́, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ níwájú orin, o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Wàlá, ni àwọn sójà bá gbàjọba, wọ́n ní ìyípadà dé. Gbogbo wa di kámáráàdì. Wọ́n ní kí ìlú kọ̀ọ̀kan ṣe orin, pé èyí tó bá dára jù á wọ rédíò. Dẹlẹgé wa, olórí tí wọ́n yàn lé ìlú lórí, ọkùnrin kúkúrú kan tó ń wọ bàtà sójà tí kò sì ṣe sójà rí, wá bá mi nídìí àwo.

"Kámáráàdì Ràbí, ohùn rẹ dùn. Ṣe orin oko òwú fún wa."

Mo ní, "Tonton, ẹ̀gbọ́n mi, wàgàṣì ni mo mọ̀."

"Fi òwú sípò wàgàṣì. Kí ló le níbẹ̀?"

Mo ní Sàlámátù ló ni orin yẹn.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ló ni ín? Láyé ìyípadà? Ti gbogbo wa ni!"

Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Irọ́ náà kàn dùn mọ́ mi ni. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ mi ní rédíò. Ta ni kò ní fẹ́? Mo yọ Sàlámátù, mo fi Ìyípadà síbẹ̀:

*Ìyípadà ló ní kí n pè yín,*
*Ẹ yọjú lójú fèrèsé,*
*Oko òwú rèé, ó fẹ̀, ó funfun,*
*Ẹni tó bá ro ó kò ní sùn lébi.*

A borí. Rédíò kọ ọ́ láàárọ̀, ó kọ ọ́ nírọ̀lẹ́. Àwọn ọmọ iléèwé ń fi í wọ kíláàsì. Èmi? Mo ń rìn bí ẹni tó ra reluwé.

Lọ́jọ́ kan, reluwé dé, Sàlámátù gbé àwo, ó gbé orin. Àwọn èrò ojú fèrèsé kò mówó jáde. Ìkúùkù ni wọ́n nà sókè! "Ìjà ń lọ, kámáráàdì!" Wọ́n bá a gbè é, ṣùgbọ́n orin òwú ni wọ́n ń gbè. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń kọrin, reluwé fọn fèrè, ó lọ. Wàgàṣì pé lórí àwo. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Lọ́jọ́ kẹta, dẹlẹgé jágbe mọ́ ọn: "Ta ló ní kí o máa fi orin ará ìlú ta wàrà?"

Orin ará ìlú! Orin tó fi ń bọ́ ọmọ!

Wàgàṣì bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó wá sílé mi. Kò pariwo. Ì bá kúkú pariwo! Ó wo ìdí ààrò mi. Ó ní, "Ràbí, iyọ̀ wà nílé rẹ." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Mo rò pé ó ti tán ni." Ó jáde. Kí oṣù tó kú, ó ti kó ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí Bétérou, ó lọ ń bá àwọn ará ibẹ̀ bẹ iṣu tí wọ́n ń sá gbẹ.

Mo ti ná ọjà dé Parakou, mo ti ná a dé Savè. Mi ò dé Bétérou rí. Òjò ń rọ̀. Ọjà pọ̀. Baba àgbà yín kú… Irọ́. Ojú ló ń tì mí.

Ẹ̀yin ìsinsìnyí, ìka kan péré lẹ fi ń yá nǹkan. Ẹ mú orin ẹni, ẹ mú àwòrán ẹni, ẹ mú iṣẹ́ ara aṣọ tí ẹlòmíràn yà, ẹ yí i, ẹ lẹ̀ ẹ́. Mi ò ní kí ẹ má ṣe é. Ìlù tó o fi sí i yẹn, ẹsẹ̀ mi fẹ́ jó o, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ilé ta lẹ ń lọ kí ẹ tó ṣe é?

Lánàá, o ka ohun tí ẹnì kan kọ sábẹ́ fídíò orin òwú tí o gbé síta fún mi. "Ìyá àgbà wa ní Bétérou gbọ́ orin yìí. Ó ní kí ẹ bi ẹni tó ń kọ ọ́ bóyá iyọ̀ ti wá tán nílé rẹ̀." Ìwọ rẹ́rìn-ín, o rò pé àwàdà ni. Èmi, mi ò tíì lè jókòó pẹ́ láti ìgbà yẹn.

Ó wà láàyè. Sàlámátù wà láàyè, ó sì rántí.

Bu iyọ̀ sínú igbá yẹn. Kún un. Pe ọlọ́kadà méjì, ìwọ náà ń bọ̀, mú pọ́tábù rẹ dání. Lójú rẹ̀ la ó ti kọ ọ́, orúkọ rẹ̀ á wà níwájú. Bó bá lá iyọ̀, tan ìlù rẹ kó dún bó ṣe fẹ́. Bí kò bá lá a, wàá pa orin náà rẹ́ níbẹ̀, lójú rẹ̀, o ò sì ní bi mí léèrè ìdí.

Àbí kí ni mò ń sọ… ogójì ọdún ó lé. Ṣé ó ṣì ní eyín?

Dìde jàre. Oòrùn ti ń ga.